Ṣé A Lè Gbọ́kàn Lé Iná Tí Afẹ́fẹ́ Ń Mú Wá?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé bí Nàìjíríà bá gbé ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí kalẹ̀ káàkiri, ọ̀rọ̀ "wọ́n ti mú iná lọ" parí nìyẹn. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ó wò ná.

Ní Lambar Rimi, ní ìpínlẹ̀ Katsina, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ 37 ló wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú kílówáàtì 275 wá, àpapọ̀ wọn bíi mẹ́gáwáàtì 10. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ dáadáa nìyẹn o! Bí eré afẹ́fẹ́ bá dín sí ìdajì, agbára inú rẹ̀ kò ní dín sí ìdajì: ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ló máa kù. Ẹ bi tíṣà físíìsì.

Ohun tí àwọn tó ń bójú tó gíríìdì fẹ́ mọ̀ ni pé, ní aago méje alẹ́ tí gbogbo ilé tan iná, mélòó ló dájú? Afẹ́fẹ́ dà bí omi òjò. Ó ń gbà wá lọ́wọ́ ìrìn kànga, ṣùgbọ́n ta ló máa dí kànga rẹ̀ torí pé òjò rọ̀ lánàá? Bí ẹ sì gbé ogún garawa sábẹ́ páánù, tí òjò ò bá rọ̀, gbogbo wọn ló máa gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi kún ti àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fi kún ohun tó dájú: ìgbà kan náà ni afẹ́fẹ́ máa ń rọlẹ̀ lórí gbogbo wọn.

Jámánì ní ẹ̀rọ yìí lọ súà. Síbẹ̀, ní 12 December 2024, òtútù mú, ilẹ̀ ṣú, afẹ́fẹ́ sì rọlẹ̀. Owó mẹ́gáwáàtì kan fún wákàtí kan ré kọjá 900 Euro. Iná ò kú, torí pé gáàsì, èédú àti iná tí wọ́n rà lọ́wọ́ aládùúgbò wà nílẹ̀.

Ní Denmark, ju ìdajì iná wọn lọ ló ń ti ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́ wá. Kí ló kì wọ́n láyà? Wáyà so wọ́n mọ́ Norway, níbi tí omi tí wọ́n sé ti ń mú iná wá. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, Norway á tọ́jú omi rẹ̀. Bó bá rọlẹ̀, wọ́n á ṣí i.

Àwa náà ní Kainji, Jebba àti Shiroro. Lójú tèmi, ẹ̀gbẹ́ wọn ló yẹ kí afẹ́fẹ́ òkè Ọya ti ṣiṣẹ́, kí omi lè sinmi nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Wáyà tó máa so wọ́n pọ̀ ló ń kọ mí lóminú, torí gíríìdì wa yìí, ó mọ̀ ọ́n dákú.