“Ààfáà, Ẹ Bá Mi Bá Ọmọ Yìí Wí”



Lẹ́yìn ìrun Alásárì ní ọjọ́ kan, bàbá kan tí ń ta aṣọ nínú ìjọ wa fa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ tọ̀ mí wá. Ó ní, “Ààfáà, ẹ bá mi bá ọmọ yìí wí. Dókítà ni mo ní kó kọ́, tàbí lọ́yà. Ó ní ẹ̀kọ́ bí a ti ń ṣètò ìlú ni òun yóò kọ́ ní Yunifásítì. Ṣé òṣèlú ni mo bí ni?”

Mo bi ọmọ náà ní ìdí rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n wó ìsọ̀ ìyá òun láti fẹ títì, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ ka iye àwọn tí ń tajà níbẹ̀, kò sí ẹni tó bèèrè ibi tí wọn yóò kó ẹrù wọn sí. Òun fẹ́ mọ bí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ti ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ dákẹ́. Èmi náà dákẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe òṣèlú. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, ọdún 1963 ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso sílẹ̀, nígbà tí Yunifásítì náà fúnra rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ ń lò níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn bí ìjọba ti ń pa owó wọlé tó sì ń ná an, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àti bí a ti ń ka ènìyàn àti nǹkan kí a tó ṣòfin lé wọn lórí. Ọmọ tí ń sá fún ìṣirò, kó má wulẹ̀ gba fọ́ọ̀mù, nítorí kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń bèèrè, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. (Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ọmọ tiwa yìí ti ń mì.)

Àwa Mùsùlùmí kọ́ ló yẹ kó fojú tín-ínrín irú ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ọba Íjíbítì lálàá màlúù méje tó sanra, tí méje tó rù ń jẹ wọ́n, Ànábì Yúsùfù kò dúró lórí ìtumọ̀ àlá nìkan. Ó sọ iye ọdún tí wọn yóò fi dáko, ó ní kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àfi ìwọ̀nba tí wọn yóò jẹ. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọba fi òun ṣe olórí àwọn àká, nítorí òun mọ nǹkan pa mọ́, òun sì ní ìmọ̀. Ẹ̀yin tí ń to ọjà pa mọ́ de ọ̀wọ́n, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Séídínà Úmárù, tó jẹ kálífà láti ọdún 634 sí 644, ló ní kí a kọ orúkọ àwọn ènìyàn sínú ìwé, kí olúkúlùkù lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú owó ìjọba. Kí a kà wọ́n ná: ohun tí ọmọ yìí ń sọ nípa ìsọ̀ ìyá rẹ̀ náà nìyẹn.

N kò tan bàbá náà jẹ. Mo ní, “Alàájì, ìwé ẹ̀rí yìí kò ní kí wọ́n fi ọmọ yín joyè lọ́la. Àwọn kan tó kà á wà ní iṣẹ́ ìjọba, àwọn kan wà ní báńkì, àwọn mìíràn sì ń wá iṣẹ́ kiri. Yunifásítì lè fún un ní ìmọ̀. Mímọ nǹkan pa mọ́ láìfọwọ́ kàn án, ilé yín ni yóò ti kọ́ ìyẹn.”

Ó ní òun yóò sùn lé e. Kò tíì fún mi lésì. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ìyá ọmọ náà ti san owó fún olùkọ́ tí ń wá kọ́ ọ ní ìṣirò ní alaalẹ́.