Ẹ́ńjìnì Ìjàpá kì í dédé kú, àwa tá à ń wà á là ń pa á

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí òwe yìí bá bá ọkọ̀ kankan mu, Volkswagen tí àwa Yorùbá sọ lórúkọ ní Ìjàpá ni. Ní Alímọ̀ṣọ́, yálà ní Ẹgbẹ́dá, Ìkọ̀tún tàbí Ìgàndò, àwọn ilé ṣì wà tí Ìjàpá bàbá jókòó sí lẹ́yìnkùlé, tí táyà rẹ̀ ti wọlẹ̀, tí koríko ti hù yí i ká. Bí àwọn tó ń ra irin àlòkù bá ti ti ọmọláńkẹ́ wọn dé ẹnu ọ̀nà, ìbéèrè kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ: ṣé ká tà á bí irin ni, àbí ká tún un ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí kò gbọdọ̀ wo ara ọkọ̀ nìkan. Pánẹ́ẹ̀lì bíítà lè tún ara ṣe. Ẹ́ńjìnì tó wà lẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ẹ́ńjìnì náà kì í dédé kú. Bó bá kú, ẹnìkan ló pa á, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni onítọ̀hún kọ̀ tí kò ṣe.

Kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa

Kò yẹ kí ọkọ̀ yìí ṣàjèjì sí ará Alímọ̀ṣọ́ rárá. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ìgàndò, tó gba ọ̀nà LASU já sí Ìyànà-Ìbà, kò jìnnà mọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ nígbà kan. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, nǹkan ti dẹnu kọlẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò yé pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ ní Volks. Dánfó tí àwọn àgbà kọ́kọ́ mọ̀ l'Ékòó, ọmọ ìyá Ìjàpá ni òun náà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló sì ń mú un tutù.

Lágbàáyé, Ìjàpá 21,529,464 ni wọ́n ṣe kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde nílùú Puebla, lórílẹ̀-èdè Mexico, lọ́jọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 2003. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò dára kò lè tà tó bẹ́ẹ̀.

Atẹ́gùn ló ń lò, kì í ṣe omi

Sìlíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnì Ìjàpá ní. Wọn kò dúró ní òòró bíi ti àwọn ọkọ̀ tó wà lóde báyìí. Ńṣe ni méjì na ara sí ọ̀tún, tí méjì yòókù na ara sí òsì. Kò ní rèdíétọ̀, kò ní páńpù omi, kò sì ní họ́ọ̀sì omi tó lè bẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Fáànù ńlá kan tó wà nínú páànù lórí ẹ́ńjìnì ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn sìlíńdà náà lára, ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ń bá a gbé ooru kúrò.

Nínú àwọn tó jáde láti nǹkan bí ọdún 1970 sókè, èyí tí wọ́n ń pè ní 1300 jẹ́ 1,285 síísíì. Fífẹ̀ ojú sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ mílímítà 77, ìrìn písítìnì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 69, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 44. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1600 jẹ́ 1,584 síísíì, fífẹ̀ ojú sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ mílímítà 85.5, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 50.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọkọ̀ yóò sọ pé agbára yìí kéré. Òótọ́ ni. Ẹ́ńjìnì òde òní tó bá tóbi tó 1600 lè lágbára ẹṣin tó ju 100 lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀mí gígùn Ìjàpá ti wá gan-an nìyẹn. Wọn kò ni ẹ́ńjìnì náà lára. Kò nílò kó yí ju nǹkan bí ìgbà 4,000 lé díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó mú gbogbo agbára rẹ̀ jáde. Bẹntiróòlù lásán ló sì ń mu, kì í béèrè epo olówó ńlá.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọkọ̀ tí kò lo omi yóò gbóná pa nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìkọ̀tún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fáànù rẹ̀ kò dúró de ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ kó tó fẹ́; bẹ́ẹ̀tì tí ẹ́ńjìnì ń yí ló ń yí òun náà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́. Ohun tó ń dá a lágara ni eré àsápajúdé lọ́nà jíjìn, pẹ̀lú ẹrù àpọ̀jù.

Ohun mẹ́rin tó ń pa á

Èkíní ni bẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń yí dáínámò ló ń yí fáànù. Bó bá já, iná pupa tó jẹ mọ́ ṣíṣáàjì bátìrì yóò tàn níwájú awakọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn kan, iná yìí lè má ju pé bátìrì ń kú lọ. Nínú Ìjàpá, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ dé Ìyànà-Ìpájà ti se ẹ́ńjìnì rẹ̀ jinná kó tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀tì kan àti sípánà kan kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ yìí láéláé.

Èkejì ni ọ́ìlì. Lítà méjì àbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnì yìí ń gbà, kò sì ní fíítà ọ́ìlì, àfi asẹ́ kékeré kan nísàlẹ̀. Gbogbo ìdọ̀tí tó bá wọnú ọ́ìlì, ibẹ̀ ni yóò máa yí po. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe é fi ní kí wọ́n máa pa á dà ní kìlómítà 5,000 síra, kí wọ́n sì fọ asẹ́ náà. Ẹni tó kàn ń da tuntun lé ògbólógbòó lórí, irin ló ń fi irin họ.

Ẹ̀kẹta ni tápẹ́ẹ̀tì. Àlàfo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 0.15, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fún un pọ̀ kí ariwo rẹ̀ lè dínkù, kí inú oníbàárà sì dùn. Ẹ má gbà fún wọn. Bí fáàfù kò bá ráyè padé dáadáa, iná inú sìlíńdà yóò jó o. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo díẹ̀ sàn ju èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ. Sìlíńdà kẹta, ìyẹn èyí tó wà lápá òsì tó sún mọ́ ọ̀dọ̀ awakọ̀, ni kí ẹ fojú sí jù, torí pé ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù dí atẹ́gùn rẹ̀ lọ́wọ́ nínú àwọn Ìjàpá àtijọ́. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn rí àléébù yìí, wọ́n sì sún un kúrò níbẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún ọdún 1971.

Ẹ̀kẹrin ni páànù àti rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnì ká. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn ló ń ya atẹ́gùn tútù òkè sọ́tọ̀ kúrò lára atẹ́gùn gbígbóná ìsàlẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá tú u, tó ní kò wúlò, tó sì jù ú sí kọ̀rọ̀ sọ́ọ̀bù, ti sọ fáànù di ohun tó ń fẹ́ ooru padà sára ẹ́ńjìnì.

Ẹ ṣọ́ra fún iná

Èyí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Iwájú ni táǹkì epo wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà, họ́ọ̀sì rọ́bà ló sì so epo mọ́ kabúrétọ̀. Bí họ́ọ̀sì náà bá gbó, orí ẹ́ńjìnì gbígbóná ni epo yóò máa kán sí. Ní oṣù Kejì, ọdún 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé epo tí methanol rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wọ orílẹ̀-èdè wa, irú epo bẹ́ẹ̀ a sì máa ba rọ́bà jẹ́. Ẹ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ kí ẹ tó ṣáná sí i.

Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Bí èrò tó sanra bá jókòó, sípírìn àga lè fara kan orí bátìrì, kí iná sì sọ. Ẹ fi rọ́bà bò ó. Bí iná bá sì ràn mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ má da omi sí i, torí pé magnesium pọ̀ nínú irin rẹ̀, omi a sì máa mú kí ó tún jó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yanrìn tàbí ohun ìpaná oníyẹ̀fun ni kí ẹ lò.

Kí ẹ tó pe oníirin àlòkù

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, àwọn kan ń ronú pé ọkọ̀ kékeré àtijọ́ yóò dín ìnáwó kù. A ò ní tan yín jẹ. Ìjàpá ń mu tó lítà 8 sí 9 ní kìlómítà 100, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní kì í sì mu tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Ìjàpá, nítorí ìtọ́jú tó rọrùn àti ìrántí ilé ni kó ṣe fẹ́ ẹ.

Àmọ́ kí ẹ tó tà á bí irin, ẹ gbìyànjú ohun kan. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ di àgbá bẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ fà á sọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì tì í padà. Bí kò bá mì tó ohun tí ojú lè rí, inú rẹ̀ ṣì le. Bó bá ń lọ síwá sẹ́yìn, tó ń ró kò-kò-kò, bíárínì ti jẹ, iṣẹ́ ńlá sì ti délẹ̀.

Ẹ lọ bá mẹkáníìkì àgbà tó mọ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì mú ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dání kó lè wo ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnì yìí mọ́ gíá, kì í sì í pẹ́ kó tó bọ́ sílẹ̀. Irin kò ṣòroó rí, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ló ń wọ́n lọ.