Ìbàdàn sí Àbújá: Bí Ọ̀nà Òfurufú Ṣe Jìn Tó àti Iye Àkókò Tó Ń Gbà

Bí a bá fa ìlà gbọnrangandan láti pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn ní Alákìá dé pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe l'Ábújá, yóò gùn tó kìlómítà 405, bí ó bá lé, bí ó bá dín, díẹ̀ ni. Ní máìlì tí a mọ̀ lójú títì, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 252. Ṣùgbọ́n máìlì tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò gùn ju ìyẹn lọ, kìlómítà 1.852 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí 219 ni tiwọn. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì, IBA ni àmì Ìbàdàn, ABV sì ni ti Àbújá.

Ìlà náà kọrí sí àríwá ìlà-oòrùn. Ó gba gúúsù Òṣogbo, ó kọjá nítòsí Ọ̀tùn Èkìtì, ó wọ ilẹ̀ Yàgbà ní agbègbè Ìsánlú, ó wá dá Odò Ọya kọjá nítòsí Baro. Mọ́tò ò rí ibẹ̀ gbà. Ẹni tó bá gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà àti Mokwa, tàbí tó gba Ifẹ̀, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Kábà àti Lọ́kọ́ja, yóò rìn ju kìlómítà 500 lọ. Kí ó ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀, bí ọ̀nà bá dára, èyí tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ti àkókò ló le jù. Bàálù oníjẹ́ẹ̀tì bíi Boeing 737 lè sá ju kìlómítà 800 ní wákàtí kan; ATR 72, tí abẹ̀bẹ̀ ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ń sá bí 500. Ẹni tó bá wá pín 405 sí 800 yóò ní ìdajì wákàtí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàálù á kọ́kọ́ gòkè, eré rẹ̀ kò sì tíì dé góńgó nígbà náà. Kò ní pẹ́ lókè tí yóò tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Lójú ọ̀nà kúkúrú bí èyí, gígòkè àti sísọ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ nínú ìrìn. Nítorí náà, jẹ́ẹ̀tì á lò tó ìṣẹ́jú 45 lójú òfurufú, ATR á sún mọ́ wákàtí kan. Ti orí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tó dúró sí títí tí yóò fi dúró l'Ábújá ni wọ́n ń kà.

Afẹ́fẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Nígbà òjò, láti ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkè sábà máa ń fẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ń lọ Àbújá ń dojú kọ ọ́, ẹni tó ń bọ̀ ni ó ń tì lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ìyàtọ̀ náà. Ọyẹ́ ló burú: bí eruku rẹ̀ bá bo ojú pápá, bàálù kò ní gbéra. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú àwọn ìpínlẹ̀ kì í sì í gba bàálù lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ìdádúró ọ̀sán lè di ìfagilé ní alẹ́.

Àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì tún lè tan ni jẹ bí aago ìlú méjì bá yàtọ̀. Ẹ wo Accra ní Gánà o. Láti Ìkẹjà l'Ékòó dé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 401, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Ìbàdàn sí Àbújá dọ́gba. Ṣùgbọ́n aago Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Bàálù tó bá gbéra l'Ékòó ní aago mẹ́wàá lè balẹ̀ ní Accra ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Bó bá ń padà bọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì á dà bí ẹni pé wákàtí méjì ló lò. Aago kan náà ni Ìbàdàn àti Àbújá ń lò.

Láti pápákọ̀ òfurufú Àbújá dé àárín ìlú tún tó nǹkan bí kìlómítà 40. Bí ẹ bá ní ìpàdé níbẹ̀ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà ọyẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ bàálù ní ọjọ́ tó ṣáájú.