Ọdẹ, Wo Ẹran Náà Kí O Tó Ta Ọfà

Etikan wà ní ẹkùn omi ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí odò, ọ̀sà àti ilẹ̀ irà ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Iṣẹ́ ẹja pípa ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ẹkùn náà fi ń jẹun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja nìkan ni Ọlọ́run fi sí ibẹ̀. Ẹran ìgbẹ́ ń bẹ pẹ̀lú nínú igbó ìko àti nínú koríko gíga ẹ̀bá omi. Nígbà tí omi bá fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ gbígbẹ sì yọ díẹ̀, ọdẹ a máa wọ ọkọ̀ lọ sí ibẹ̀ ní ìdájí. Àwọn ọdẹ wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún, ó sì wà fún gbogbo ẹni tí ń wọ inú igbó kan náà láti wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Kí a fi ọdẹ méjì ṣe àpẹẹrẹ, àgbàlagbà kan àti ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n so ọkọ̀ wọn mọ́ gbòǹgbò igi, wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́ ní eteetí koríko. Ìkùukùu kò tíì ká tán lójú omi. Lójijì ni koríko mì níwájú wọn, kò ju ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ohun pupa kan tẹ̀ba, ó gbé ara sókè díẹ̀, ó sì tún tẹ̀ba, gẹ́gẹ́ bí àgbọ̀nrín tí ń jẹ ewé. Ọmọ náà ti fa osán dé etí. Àgbà náà fi ọwọ́ lé ọrún náà, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹran ni. Mo rí i," ni ọmọ náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ni o rí?"

"Ó pupa, Bàbá, ó sì ń jẹun."

"Àwọ̀ ni o rí, o kò tíì rí ẹran. Orí rẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

Ọmọ náà kò lè dáhùn. Bí wọ́n ti ń wò, obìnrin kan nàró láàárín koríko náà. Àdá wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ó sì fi èkejì gbá koríko tí a fi ń hun ẹní mọ́ra. Ìró rẹ̀ tí ó ti ṣá ni ó pupa bí awọ àgbọ̀nrín. Ó rí wọn, ó wí pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá ọlọ́dẹ," ó sì tún tẹ̀ba sí iṣẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ikú ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Àpẹẹrẹ ni èyí, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kì í ṣe àlọ́. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, tí àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà ti kọ ọ́ pé ọdẹ kan pa àgbẹ̀ tàbí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì wí pé ẹran ni òun rò pé òun rí. Láti inú ọ̀rọ̀ "mo rò pé" ni gbogbo ibi náà ti ń wá.

Ohun mẹ́ta ni í máa tan ojú ọdẹ jẹ. Èkínní ni ìmọ́lẹ̀ tí kò tó. Àkókò tí ẹran ń jáde jẹun, ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, ni ojú ènìyàn kì í lè dá àwọ̀ mọ̀ dáadáa. Pupa a máa dàbí dúdú, funfun nìkan ni yóò sì máa tàn. Èkejì ni ewé àti koríko, tí í máa bo apá kan ohun tí ń bẹ lẹ́yìn wọn, tí ọkàn yóò sì fi èrò tirẹ̀ dí àlàfo tí ó kù. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó burú jù, ni ìfẹ́ ọkàn ọdẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ti dúró láti òru, tí ebi ń pa, tí ó sì ń ronú bí òun yóò ti dé ilé lọ́wọ́ òfo, yóò rí àgbọ̀nrín níbi tí àgbọ̀nrín kò sí. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ọkàn rẹ̀ ni ó ti ya àwòrán ẹran náà sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí nǹkan kan.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ọdẹ kan mú ìbọn lọ wá àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn. Abẹ́ ìrù ẹran yìí funfun, a sì máa gbé ìrù náà sókè bí ó bá ń sá. Ìyá ọlọ́mọ kan jáde sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ funfun nítorí òtútù. Ọdẹ náà yìnbọn, obìnrin náà sì kú. Ọdẹ náà wí pé àgbọ̀nrín ni òun rí. Àwọn kan tilẹ̀ dá òkú lẹ́bi pé kò wọ aṣọ tí ń tàn kedere, bí ẹni pé òun ni ó wọ inú igbó ọdẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdẹ ni ó dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá ọdẹ náà sílẹ̀ ní ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò tán nínú ọkàn àwọn ará ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì ṣe òfin lẹ́yìn rẹ̀ pé kí ọdẹ má ṣe yìnbọn tàbí kí ó ta ọfà títí yóò fi dá a lójú pé ẹran tí òun ń wá ni, tí yóò sì ti rí orí àti ara ẹran náà gbangba. Ìbéèrè tí àgbà ọdẹ inú àpẹẹrẹ wa bi ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sọ di òfin.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òpè nìkan ni irú èyí ń bá, kí ó gbọ́ ti George Abbot, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó túmọ̀ Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1611. Ní oṣù keje ọdún 1621, ó bá ọlọ́lá kan dẹ ìgbẹ́ ní Bramshill, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkàtàm̀pó, ọrún tí a kàn mọ́ igi, ni ó mú lọ́wọ́. Ó fojú sun àgbọ̀nrín kan, ó sì ta á. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ igbó náà wà ní ọ̀nà ọfà. Ọfà bà á ní apá, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára rẹ̀ títí ó fi kú. A ti kìlọ̀ fún ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ pé kí ó yẹra. Ọba James dárí jì Bíṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù kò dárí ji ara rẹ̀. Ó fi ogún pọ́n-ùn lọ́dọọdún fún opó olùṣọ́ náà, ó sì ń gba ààwẹ̀ lóṣooṣù nítorí ọ̀ràn yìí títí ó fi kú ní ọdún 1633. Àwọn àlùfáà mìíràn kọ̀ pé kí ó gbé ọwọ́ lé àwọn lórí. Ojú rẹ̀ kò ṣìnà ní ti ẹran, nítorí àgbọ̀nrín wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹran nìkan ni ó wò, kò wo ohun tí ó yí ẹran ká. Nítorí náà kò tó kí ọdẹ mọ ohun tí òun ń ta. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ń bẹ níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìwé Mímọ́ kò fojú fo irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ìlú ààbò mẹ́fà ni Ọlọ́run pa á láṣẹ fún Ísírẹ́lì, mẹ́ta ní ìhà kọ̀ọ̀kan Jọ́dánì, kí ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa ẹnìkejì rẹ̀ lè sá lọ síbẹ̀. A kò pa á, nítorí kò ní ìkórìíra nínú. Síbẹ̀ a kò wí fún un pé kí ó padà sí ilé rẹ̀ kí ó máa jẹun lọ. Ó ní láti wà ní ìlú àjèjì náà títí olórí àlùfáà yóò fi kú. Àṣìṣe kì í ṣe ìpànìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi.

Àwọn baba ńlá wa pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Wọ́n a máa pa ìtàn ọdẹ kan tí ó ba sórí ẹ̀gùn, tí ó rí i tí ẹran bọ́ awọ rẹ̀, tí ó sì di obìnrin arẹwà tí ń lọ sí ọjà. Onígbàgbọ́ kò ní gbà pé ẹranko ń di ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ó kíyèsí i pé ọdẹ inú ìtàn náà kò yára ta ọfà; ó dúró, ó sì wò. Ìbá ṣe pé ó yára, obìnrin ni ìbá pa.

Ó yẹ, nígbà náà, kí ọdẹ mọ àmì ẹran kí ó tó mọ ọfà í ta. Àgbọ̀nrín, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìgalà, pupa rúsúrúsú, ó sì ní ilà àti àmì funfun lára. Akọ dúdú ju abo lọ, ó sì ní ìwo tí ó lọ́. Abo kò ní ìwo. Bí ẹ̀rù bá bà á, a máa gbó bí ajá. Ẹtu kéré sí i púpọ̀, àwọ̀ rẹ̀ jọ eérú, kò sì ní ilà funfun bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò tí ó ṣáko wọ oko lè pupa bí àgbọ̀nrín, kí ó sì tóbi ju ẹtu lọ. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín ará ilé kan ni ó ti inú irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ẹni tí ń fi iná dẹ òru kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ojú tí ń tàn nínú òkùnkùn, nítorí ojú ewúrẹ́, ti màlúù àti ti ajá a máa tàn bákan náà. Bí a bá sì pa abo tí ó lóyún, ẹran méjì ni a pa, nítorí bí oṣù mẹ́fà ni àgbọ̀nrín fi ń lóyún, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1985, tí a tún ṣe ní ọdún 2016, sì dá ààbò bo àwọn ẹ̀dá igbó tí ó fẹ́ parun. Òfin kì í gba àwáwí ẹni tí ó wí pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Kí ọdẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn. Kí ó má ṣe fa osán nítorí ìró tàbí nítorí àwọ̀ tàbí nítorí pé koríko mì. Kí ó rí orí, ọrùn, ara àti ẹsẹ̀ kí ó tó pinnu. Bí ó bá ṣiyèméjì, kí ó ké sí i pé, "Ta nì yẹn o?" Ẹran yóò sá, ènìyàn yóò dáhùn, kò sì sí ẹran kan tí ó níye lórí ju ìdáhùn náà lọ. Bí ọdẹ méjì bá jọ jáde, kí olúkúlùkù mọ ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ wà, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ láìsọ.

Àwọn tí ń wọ irà láti gé koríko, láti gbẹ́ akàn tàbí láti dá ẹmu ní ipa tiwọn pẹ̀lú. Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ sókè tàbí kí wọ́n máa kọrin bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì wé aṣọ tí ó ní àwọ̀ ọsàn pípọ́n mọ́ orí. Ojú ẹran onípátákò kì í rí àwọ̀ náà kedere bí ojú ènìyàn ti ń rí i. Nítorí náà kì í ba ọdẹ níṣẹ́ jẹ́.

Bí ibi bá ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe fa ọfà náà yọ, nítorí òun ni ó lè dí ojú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ìbá gbà tú jáde. Kí a dá ẹni náà dùbúlẹ̀, kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ náà, kí a sì dì í yí ọfà ká kí ó má baà mì. Kí a má ṣe fi ètù ìbọn, iyẹ̀pẹ̀ tàbí ewé sí i. Àwọn ọdẹ àtijọ́ a máa fi oró ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Strophanthus hispidus kun ọfà, oró náà a sì máa kọlu ọkàn. Bí irú oró bẹ́ẹ̀ bá wà lórí ọfà náà, kí ọdẹ má ṣe fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí ó sọ fún dókítà, kí ó sì mú ọfà mìíràn láti inú apó rẹ̀ lọ fi hàn án. Ọkọ̀ tí ó yára jù ní èbúté ni kí a fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè tọ́jú ọgbẹ́ náà, kí wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ tí í dènà àrùn ipá.

Àwọn àgbà wí pé ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọfà tí ó ti kúrò lórí osán. Ọdẹ tí ó padà sí Etikan lọ́wọ́ òfo lè tún jáde lọ́la, ìyàwó rẹ̀ yóò sì fi ẹja se ọbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ọmọ tí ó dúró pẹ̀lú àgbà ní eteetí koríko kò pa ẹran kankan ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin kan sì ru koríko ẹní rẹ̀ dé ilé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀.