Ìdákẹ́ Tí Kò Ti Ẹnu Olórin Wá

Láti ìgbà tí púpọ̀ nínú yín ti ń kó kásẹ́ẹ̀tì jáde nínú àpótí, tí ẹ ń sọ wọ́n di fáìlì orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan kò yéé wọlé: kí ló dé tí ohùn tó ń lọ geere lórí kásẹ́ẹ̀tì fi ń já níbi tí orin kan ti parí, tí òmíràn bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ohùn tí à ń sọ. Eré ojú agbo kì í sábà ní orin kìíní, orin kejì. Ẹ wo àwo jùjú àwọn ọdún 1970, ti Ebenezer Obey tàbí ti King Sunny Adé. Ojú àwo kan lè bẹ̀rẹ̀ kó sì parí kí ìlù má dúró. Orin á kàn yọ́ wọnú orin ni. Fújì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, oníjàálá náà sì lè ti oríkì ìdílé kan bọ́ sí ti òmíràn láìdúró. Àwa tí à ń tọ́jú ohùn la máa ń gé e sí abala-abala kó lè rọrùn láti wá. Gígé kò burú. Ohun tó burú ni kí gígé fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un.

Fún àwa onímọ̀ èdè, ẹ̀rí ni ìdákẹ́ jẹ́. Ṣé ẹ rántí kíláàsì ìmọ̀ ìró? Bí a bá pe “àkàrà”, kí [k] tó tú, ahọ́n á dí ọ̀nà èémí pa. Lórí àwòrán ohùn, ibẹ̀ á dákẹ́ fún bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 50 tàbí 100, ìyẹn ìdá 50 tàbí 100 nínú ìdá 1,000 sẹ́kọ́ǹdù kan. Àlàfo tí à ń sọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìwọ̀n yẹn. Bó bá bọ́ sáàárín fáwẹ́lì tí olórin ń fà, ẹ ó gbọ́ ọ bí òsúkè. Bó bá bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ tí dùndún ń sọ, ìlù á ṣe bí ẹni kọsẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ń fi ibi tí oníjàálá ti mí pín ìjálá sí ìlà, ó lè fi òpin ìlà síbi tí bàbá náà kò ti mí rárá. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà tí ohùn wọn wà lọ́wọ́ wa ti lọ. Ta la máa bi pé, “Bàbá, ṣé ẹ mí níbí?”

Níbo ni àlàfo náà ti ń wá?

Kọ̀ǹpútà máa ń wọn ohùn ní ìgbà púpọ̀ láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan. Ti síídì jẹ́ ìgbà 44,100. Ẹ jẹ́ ká pe ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ. MP3 kì í to ẹyọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdì ló ń dì wọ́n, ẹyọ 1,152 sí ìdì kan. Ẹ wo ẹni tó ń kó ẹyin sí kíréètì. Kíréètì kan ń gba 30. Bí ẹyin bá jẹ́ 70, kíréètì kẹta á ní ihò 20 tó ṣófo. MP3 kì í fi ihò sílẹ̀, ìdákẹ́ ló fi ń dí i. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà tí MP3 gbà ń ṣiṣẹ́ ń ti ìdákẹ́ díẹ̀ síwájú fáìlì. Bí ẹ bá fi LAME ṣe é, tí ẹ sì tún un gbọ́, iwájú nìkan máa ń tó ẹyọ 1,105, ìyẹn bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 25. Ìdákẹ́ ẹ̀yìn abala kìíní àti ti iwájú abala kejì bá so pọ̀, àlàfo dé nìyẹn.

Síídì náà ní ìdì tirẹ̀: ẹyọ 588, ìdì 75 sí sẹ́kọ́ǹdù kan. Bí ẹ bá gé ohùn sáàárín ìdì, ẹ̀rọ lè fi òfo dí ìyókù. Bó bá sì jẹ́ pé abala kọ̀ọ̀kan lẹ ní kó máa kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè fi odidi sẹ́kọ́ǹdù 2 sáàárín wọn.

Kí wá ni ṣíṣe?

1. Ẹ gba ojú kásẹ́ẹ̀tì kan tán sínú fáìlì WAV kan ṣoṣo. Ẹ má dá ẹ̀rọ dúró láàárín orin o. Ìlàjì wákàtí ń gba bíi 300 MB. Kò pọ̀ jù fún ohùn àgbà.

2. Ẹ fi àmì síbi tí abala kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Audacity, Ctrl+B ló ń fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó gé e níbi àmì. Ẹ má jẹ́ kí ohùn máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi ìgékù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan bá yín yọ ìdákẹ́ kúrò. Ìdákẹ́ tí olórin fúnra rẹ̀ dá, tirẹ̀ ni.

3. FLAC ni kí ẹ fi tọ́jú u. Ó ń dín ìtóbi fáìlì kù láìsọ nǹkan kan nù, ó sì mọ iye ẹyọ tó gbà gan-an. Kò ní fi tirẹ̀ kún un.

4. Bó bá di dandan kó jẹ́ MP3, láti ara WAV tàbí FLAC ni kí ẹ ti ṣe é, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. LAME máa ń kọ iye ìdákẹ́ tó fi kún un sínú fáìlì, kí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ ọ lè gé e dànù. Ẹ̀rọ tó bá lè ka àkọsílẹ̀ yẹn ni kí ẹ lò.

5. Bó bá jẹ́ síídì, ẹ gé e sí ẹnu ìdì, kí ẹ sì ní kí ẹ̀rọ kọ gbogbo àwo náà lẹ́ẹ̀kan náà. “Disc-at-once” lorúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ.

Àwọn kan máa ń ní kí ìparí orin kan gun orí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì kí àlàfo má bàa hàn. Ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn. Ohùn méjì tí kò pàdé rí lójú agbo lẹ sọ di alájọgbé yẹn.

Kí ẹ tó fọkàn balẹ̀, ẹ dán an wò. Ẹ to àwọn abala WAV tàbí FLAC náà padà tẹ̀léra, kí ẹ sì wo gígùn wọn. Ó gbọ́dọ̀ bá ti odidi mu, láìlé ẹyọ kan, láìdín ẹyọ kan. Tó bá lé, ẹ padà lọ wo ibi tí ẹ ti gé e.

Fáìlì odidi yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Abala la fi ń wá nǹkan. Odidi ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, tí ibì kan ò sì yé e, kó kọ̀wé sí mi. Ire o.