Orúkọ Nípa Iṣẹ́: Àwọn Ọ̀rọ̀ fún Àtúnṣe Ìjánu Iwájú Alùpùpù Àtijọ́

1.0 Ìfáàrà

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn Yorùbá sábà máa ń gbà sọ ohun èlò àjèjì lórúkọ. Wọ́n lè fi ìró rẹ̀ pè é, bí wọ́n ti fi ariwo ẹ̀rọ sọ alùpùpù lórúkọ. Wọ́n lè fi ohun tí ó jọ pè é, bí wọ́n ti mú ìjánu láti ẹnu ẹṣin, tí wọ́n fi ń pe ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n sì lè fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é, bí ó ti rí nínú agbohùnsílẹ̀. Níbi tí ẹ̀mí ènìyàn bá rọ̀ mọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe yé òǹkàwé sí, ọ̀nà kẹta yìí ni ó yẹ kí olùtúmọ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú.

Àpẹẹrẹ tí iṣẹ́ yìí yóò fi ti èyí lẹ́yìn ni àtúnṣe ìjánu iwájú Triumph Bonneville T120, alùpùpù tí wọ́n ṣe ní Meriden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì gbé jáde fún ọdún 1959. Àwọn tí ń sọ irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ dọ̀tun lónìí ń fẹ́ kí ó rí bí ó ti rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ìjánu rẹ̀ ṣe ọ̀lẹ bí ti ìgbà náà.

2.0 Iṣẹ́ tí ìjánu ń ṣe

Ìjánu ẹṣin ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ ni. Ẹṣin gbọ́, ó sì dúró. Alùpùpù kò ní etí. Agbára tí ó wà nínú eré rẹ̀ ní láti di nǹkan mìíràn kí ó tó lè dúró, ooru ni ó sì ń dà. Bí ènìyàn bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ ha àtẹ́lẹwọ́ nígbà ọyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò gbóná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìjánu rí. Ìfarahara, ìyẹn ni fífi ara ha ara, ni orúkọ tí ó bá a mu.

Bí eré alùpùpù bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ìjánu ní láti sọ di ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìjánu bá sì ti ń mú, ìwúwo alùpùpù àti ti ẹni tí ó gùn ún yóò máa wọ́ síwájú: táyà iwájú yóò tẹ ilẹ̀ ṣinṣin, ti ẹ̀yìn yóò fúyẹ́. Ìdí nìyí tí ìjánu iwájú fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

3.0 Ohun tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù

Dúrọ́ọ̀mù tí ó fẹ̀ tó ínǹṣì 8 ni ìjánu iwájú T120 ń lò ṣáájú ọdún 1968. Dúrọ́ọ̀mù yìí ń bá táyà yí. Ṣúù méjì tí ó tẹ̀ bí ọrun wà nínú rẹ̀, lórí irin pẹlẹbẹ kan tí kì í yí. Ìdí ṣúù kọ̀ọ̀kan wà lójú kan. Orí rẹ̀ sì fara ti káàmù. Bí wáyà bá ti fa káàmù, káàmù yóò yí, yóò sì ti orí ṣúù méjèèjì kan dúrọ́ọ̀mù.

Ṣúù méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọra. Láti orí ọ̀kan lọ sí ìdí rẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù ń yí. Ìfarahara ń fà á mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ ju bí ọwọ́ ti fà á lọ. Láti ìdí èkejì lọ sí orí rẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù ń yí, nítorí náà ó ń tì í sẹ́yìn. Ọ̀kan ń ran ọwọ́ lọ́wọ́. Èkejì kò ràn án.

4.0 Orúkọ ṣúù méjèèjì

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ṣúù wọ̀nyí ń sọ pé ọ̀kan ń ṣáájú, èkejì ń tẹ̀ lé e. Bí olùtúmọ̀ bá kọ ṣúù aṣáájú àti ṣúù atẹ̀lé, àléébù mẹ́ta ni yóò yọjú. Èkíní, kò sí èyí tí ń lọ síbì kan nínú wọn. Dúrọ́ọ̀mù ni ó ń yí. Èkejì, ìjánu iwájú ti wà nílẹ̀, òǹkàwé lè rò pé ṣúù tí ó kọjú síwájú alùpùpù ni aṣáájú; bẹ́ẹ̀, ibi tí káàmù wà àti ìhà tí táyà ń yí sí ni wọ́n ń pinnu èyí. Ẹ̀kẹta, orúkọ méjèèjì kò sọ ìdí tí agbára wọn fi yàtọ̀.

Ṣúù afàmọ́ àti ṣúù atakété ni iṣẹ́ yìí dábàá. Èkíní ni èyí tí dúrọ́ọ̀mù ń fà mọ́ra. Èkejì ni èyí tí ó ń tì kí ó ta kété. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣi afàmọ́ pè ní àfòmọ́ inú gírámà. Ní ti ṣúù àti dúrọ́ọ̀mù fúnra wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bí àwọn mẹkáníìkì ti ń pè wọ́n. Ẹni tí ó bá túmọ̀ wọn sí bàtà inú ìlù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pe bàtá, ohùn ìparí nìkan ni ó sì kù tí yóò gbà á.

5.0 Àtúnṣe

5.1 Ní ọdún 1968, Triumph fún T120 ní ìjánu aláfàmọ́-méjì dípò aláfàmọ́-kan. Ṣúù kọ̀ọ̀kan ní káàmù tirẹ̀. Ọ̀pá irin kan sì so káàmù méjèèjì pọ̀. Ínǹṣì 8 náà ni dúrọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ sí i. Nítorí pé kì í ba ìrísí ìgbà náà jẹ́, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tún T120 tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣe ń yàn. Wọ́n ní láti ṣètò ọ̀pá náà kí ṣúù méjèèjì lè kan dúrọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan ni yóò máa ṣiṣẹ́, tí èkejì yóò máa wòran. Àwọ̀ tuntun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ṣúù sì ní láti tẹ̀ bí inú dúrọ́ọ̀mù ti tẹ̀ gan-an. Asbestos lè wà nínú àwọ̀ àtijọ́, èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè pátápátá ní 1999. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ fọn eruku rẹ̀.

5.2 Bí alùpùpù bá dúró lórí òkè, tí ó ń yí padà sẹ́yìn, dúrọ́ọ̀mù ń yí sódì: afàmọ́ méjèèjì di atakété, ìjánu sì dẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ aṣáájú kò ní mọ̀ pé èyí ń bọ̀. Ẹni tí ó kọ́ afàmọ́ yóò béèrè pé, ìhà wo ni ó ń fà á sí? Ìbéèrè yìí ni ìdánwò orúkọ rere.

5.3 Honda CB750 ti ọdún 1969 lo ìjánu mìíràn. Triumph náà sì lò ó lórí T140 ní 1973. Níwọ̀n bí àwo orin ti wà nínú èdè, ìjánu aláwo tọ́. Páàdì méjì ni ó ń fún àwo láti ọ̀tún àti òsì; kò sí afàmọ́ níbẹ̀, nítorí náà omi bíréèkì ni ó ń sọ agbára ọwọ́ di púpọ̀. Bí ojú písítìnì ìdí àwo bá fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin ju ti písítìnì ìdí ọwọ́ lọ, agbára yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọwọ́ yóò rin ìrìn ìlọ́po mẹ́rin pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi písítìnì tí ó tóbi jù sí ìdí ọwọ́ yóò rí i pé ọwọ́ ìjánu le koko, yóò sì rò pé ìjánu ti lágbára, òdìkejì ni. Le nínú èdè Yorùbá gba ohun tí kò rọ̀ àti ohun tí ó lágbára pọ̀. Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé máa kọ líle ọwọ́ ìjánu lọ́tọ̀, kí ó sì máa kọ agbára ìjánu lọ́tọ̀.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí dábàá nìwọ̀nyí: ìfarahara, ṣúù afàmọ́, ṣúù atakété, ìjánu aláfàmọ́-kan, ìjánu aláfàmọ́-méjì, ìjánu aláwo, líle ọwọ́ ìjánu, agbára ìjánu. Orúkọ tí ó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì lè dùn létí olùtúmọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ó di spánà mú kò ní Gẹ̀ẹ́sì náà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà níwájú rẹ̀ ni yóò gbà gbọ́, orí ohun tí ó bá sì tì ibẹ̀ wá ni ẹlòmíràn yóò gùn lọ sójú títì.