Láti Festac dé Sẹ̀mẹ̀: Ta Ni Ààlà Ń Dá Dúró?

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Mile 2, tó forí lé ìwọ̀ oòrùn, kì í pẹ́ kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà Festac Town, ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ láti fi gba àlejò nígbà àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Títì yẹn náà ló gba Òkokomáìkò lọ sí Àgbádárìgì, tó já sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tó sì ń bá etíkun lọ dé Kútọnu, Lomé, Accra àti Abidjan. Èdè ìjọba ń yí padà lójú ọ̀nà náà: Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ wa, Faransé ní Benin àti Togo, Gẹ̀ẹ́sì ní Gánà, Faransé ní Côte d'Ivoire. Owó náà ń yí: náírà, sẹ́fà, sídì, lẹ́yìn náà sẹ́fà. Àmọ́ ẹnu àwọn tó ń tajà kì í yí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gùn tí wọ́n ń sọ ní Àgbádárìgì ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Yorùbá sì ń tà, ó ń rà, nínú ọjà Kútọnu. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ sí Abidjan. Ní Amuwo-Odofin gan-an, níbi tí Festac wà, Àwórì àti Ẹ̀gùn ti jọ ń gbé ẹ̀bá ọ̀sà tipẹ́tipẹ́. Kí wá ni ààlà ń yà sọ́tọ̀? Èrò tèmi ni pé iye owó ọjà ló ń yà sọ́tọ̀, àti pé gbogbo ìgbà tí ìjọba bá gbàgbé èyí, èrò ọkọ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìlú Paris ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti jọ fọwọ́ sí ìwé tó fi Àgbádárìgì sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan, Àjàṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ọ̀sà tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó ẹrù láti Àjàṣẹ́ wá sí Èkó kò gbẹ nítorí ìyẹn. Ohun tó yí padà ni pé owó ibodè di oríṣi méjì. Níbi tí owó ibodè bá ti di oríṣi méjì, ẹni tó máa jèrè láàárín wọn kò ní í ṣàìyọjú. Fàyàwọ́ àti ààlà, ìbejì ni wọ́n.

Bí ọrọ̀ ajé bá sì dẹnu kọlẹ̀, ọ̀rọ̀ a kúrò lórí ẹrù, a bọ́ sórí èèyàn. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá sì palẹ̀ ẹrù mọ́ padà sílé. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà náà lé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà. Gánà ti ti ẹnubodè tirẹ̀ pa kó tó di ìgbà náà, Togo àti Benin náà ti tiwọn pa, èrò sì há sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ọdún mẹ́fà péré ni ìyẹn lẹ́yìn àjọ̀dún 1977. Àwọn kan ti fi èyí sọ pé asán ni àjọ̀dún àti àdéhùn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ló mú kí ará Kútọnu lè wọ Èkó láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di òní. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sọ̀rọ̀ nípa èèyàn, kò sì lè sọ ohunkóhun nípa iye tí ìrẹsì, ọkọ̀ tòkunbọ̀ tàbí epo bẹntiróòlù ń tà lápá kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ epo ló fi èyí hàn jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo tí ìjọba Nàìjíríà ń fi owó ìrànwọ́ dín iye rẹ̀ kù ni wọ́n ń rọ sínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì ní Benin. Kpayo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Buhari ti ẹnubodè pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, fàyàwọ́ ìrẹsì àti epo wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dá dúró. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀. Láàárín ìgbà náà, ìwọ̀n tí ọjà fi ń gbówó lórí ní Nàìjíríà lọ láti 11.02 nínú ọgọ́rùn-ún sí 14.89. Àrùn kòrónà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjà kò rọ̀, kpayo kò sì parẹ́. Wàyí o, lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye tí wọ́n ń ta kpayo fò sókè ní Kútọnu, àwọn oníbàárà sì ya lọ sí ilé epo. Ohun tí ṣọ́jà àti aṣọ́bodè kò rí ṣe fún oṣù mẹ́rìndínlógún, iye owó ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láìyọ ìbọn.

Ẹnìkan lè ní: adigunjalè ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyí, kò yẹ ká fọwọ́ rọ́ ọ tì. Lọ́dún 2003, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti ẹnubodè Benin pa nítorí olórí àwọn ajímọ́tò kan tó sá pa mọ́ sọ́hùn-ún. Wọ́n mú un, wọ́n fà á lé wa lọ́wọ́, ọ̀nà sì ṣí láìpẹ́. Ó ṣiṣẹ́ nítorí pé ohun kan pàtó ni wọ́n béèrè. Ọlọ́pàá tó ń bá ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló máa ń mú olè. Bóyá ìdí nìyẹn tí ilé àyẹ̀wò àjọlò tí wọ́n ṣí ní Sẹ̀mẹ̀ lóṣù Kẹwàá ọdún 2018 fi dára: òṣìṣẹ́ ìlú méjèèjì lábẹ́ òrùlé kan, kí èrò lè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èwo wá ni ti àwọn ibùdó àyẹ̀wò tó tún tò lọ láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé ọ̀nà Agbára? Oníṣòwò ńlá tó ń kó ìrẹsì gba inú igbó kì í gba ibẹ̀. Ìyá tó gbé àpò méjì sínú ọkọ̀ akérò ló ń gba ibẹ̀.

Orílẹ̀-èdè márùn-ún ti fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀nà Abidjan sí Èkó láti ọdún 2014, 1,028 kìlómítà. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń kó èrò láti Marina dé Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Òkokomáìkò ni wọ́n sì fẹ́ kó dé. Àwọn ará Festac tó ti ń bá títì Àgbádárìgì fà á láti ọjọ́ yìí wá kò ní í kọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí owó ibodè ìrẹsì àti ti ọkọ̀ bá ṣì jẹ́ oríṣi méjì ní Kútọnu àti Èkó, ọ̀dà tuntun yóò kàn mú èrò tètè dé ibi tí wọ́n ti máa ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá tú ẹrù rẹ̀ ni.